Ọ̀já Arère

Bàbá mi,

Mo kọ "ọ̀wọ́n" tẹ̀ lé e, mo sì tún fi bírò pa á rẹ́. Bí mo bá fi í sílẹ̀, irọ́ ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, irọ́ sì ti pọ̀ jù láàárín àwa méjèèjì. Ẹ má retí kí n béèrè bóyá ara yín le níbi tí ẹ wà. Inú ń bí mi sí yín. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń bí mi, mò ń bá a sùn, mò ń bá a jí. Lónìí tí ìjọ ṣe ìrántí ọdún kan tí ẹ ti lọ, ó tẹ̀ lé mi dé inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó tì mí.

Wọ́n ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Èmi ò sọ ọ́ lẹ́yìn yín o. Ẹ̀yin gan-an ni mò ń sọ ọ́ fún.

Gìtá ìjọ ló padà wá. Ẹ mọ èyí tí mò ń wí, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ igi ọ̀gánwó pupa, tí ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì mú dán títí a fi lè máa rí eyín wa lára rẹ̀. Olórí àwọn akọrin ló gbé e wá sí ìsọ̀ mi ní Tanke. Kò tíì pẹ́ tó dé Ìlọrin, kò sì mọ̀ mí rí. Wọ́n kàn sọ fún un pé obìnrin kan wà nítòsí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tún gìtá ṣe. Ó ní ẹ̀yìn rẹ̀ ti là láti ìgbà ọyẹ́, pé ìjọ fẹ́ lò ó níbi ìrántí bàbá tó ṣe é. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀bi bàbá náà kọ́, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ló bà á jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ìjọ ló mọ̀ ọ́n. Ojú mi ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́.

Ó ṣe mí bíi kí n ní kó gbé e, kó máa lọ. Mo gbà á. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń fi gìtá yẹn bú mi, mi ò sì tíì fojú kan inú rẹ̀ láti ìgbà náà. Mo fẹ́ rí ohun tí ọwọ́ mi ṣe.

Ṣé ẹ rántí ọdún náà? Èmi rántí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì ti sá fún gọ́ọ̀mù àti eruku pákó, ọ̀kan ń ta oògùn, ọ̀kan ń kọ́ni níwèé. Èmi nìkan ló dúró tì yín ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn Táíwò Road. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ohun tí ojú ò rí ló ń gbé gìtá dúró. Pákó ẹ̀gbẹ́ gìtá fẹ́lẹ́ jù, èèyàn ò lè lẹ ojú tàbí ẹ̀yìn mọ́ etí rẹ̀ lásán kó dúró. Ó gbọ́dọ̀ ní igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí kò fẹ̀ ju ìka lọ, tí a máa tẹ̀ yí etí náà ká láti inú, kí ojú àti ẹ̀yìn lè rí ibi jókòó lé. Ọ̀já lẹ máa ń pè é. Ẹ ní ohun tó ń gbé ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni. Mẹ́rin ni gìtá kan ń gbà, méjì fún ojú, méjì fún ẹ̀yìn. Kí igi náà tó lè tẹ̀, a máa fi ayùn gé eyín sí i lára, eyín kan tẹ̀ lé òmíràn, a ó sì dá ayùn dúró nígbà tó bá ku bí ìwé fẹ́lẹ́ kó já. Bí ayùn bá wọlé jù, ó já. Bí kò bá wọlé tó, igi náà ò ní gbọ́ràn.

Ẹ ní òfin méjì lórí rẹ̀, ẹ sì máa ń kà wọ́n sí mi létí bíi pé láti orí òkè lẹ ti gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Igi tí kò bá tíì rí ọyẹ́ kan lórí àjà kò gbọdọ̀ di ọ̀já, nítorí òjò Ìlọrin máa ń wú u, ọyẹ́ á sì tún fún un gbẹ, ohunkóhun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn á bá a lọ. Èkejì, ẹni tó bá gé ọ̀já gbọ́dọ̀ fi pẹ́ńsù ṣe àmì rẹ̀ sábẹ́ eyín tó kẹ́yìn, kó má baà sí ẹni tó máa sá fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àmì tiyín ni òbíríkítí tó ní àgbélébùú nínú. Tèmi ni ẹ̀kán mẹ́ta bí ẹ̀kán òjò. Kó má baà sí ẹni tó máa sá fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ.

Igi arère ni mo yàn fún gìtá ìjọ. Ẹ yínmú. Ẹ ní arère ni wọ́n fi ń ṣe àjà ilé, pé ọ̀gánwó ló yẹ gìtá ọmọlúàbí. Mo ní kò sẹ́ni tó ń yọjú wo inú gìtá, ohun tí ọ̀já ń fẹ́ ni kó fúyẹ́, kó sì tẹ̀ láìjà, arère tèmi sì ti rí ọyẹ́ méjì lórí àjà. Ẹ ní kí n ṣe bó ṣe wù mí, ní ohùn tí ẹ fi máa ń bá ẹni tó fẹ́ ṣubú sọ̀rọ̀. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi gé ọ̀já mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Eyín kan kò já. Mo lẹ̀ wọ́n, mo sì fi pẹ́gì ìsáṣọ há wọn mọ́ra, gbogbo pẹ́gì Màmá, torí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi ní olè pẹ́gì. Ẹ ò rántí ọjọ́ tí ẹ kó wọn kúrò lórí okùn, tí aṣọ ìsìn Màmá bọ́ sínú ẹrẹ̀? Ẹ sá wá sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí n má sọ ibi tí ẹ wà, ẹ sì ń fi fìlà bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Mi ò fẹ́ rántí ìyẹn lónìí, ó kàn já wọlé ni.

A lẹ ojú gìtá. Ó ku ẹ̀yìn. Ìgbà náà ni àbúrò Màmá bímọ ní Ọ̀fà, mo sì lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Òjò àrọ̀kúrò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí mo fi máa padà dé, ẹ ti bo ẹ̀yìn gìtá pa. Ẹ ní ìkórè ti dé tán, ìjọ ò lè dúró. Mo gbà. Ọ̀rọ̀ yín ni mo ti ń gbà láti kékeré.

Ọyẹ́ ọdún náà mú. Lóṣù kìíní, lójú ìsìn, ẹ̀yìn gìtá là, ó dún bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Lọ́jọ́ kejì, Alàgbà tó ń bójú tó àwọn akọrin nígbà náà, ọ̀rẹ́ yín, gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà mẹ́ta jókòó. Ẹ ò wo inú rẹ̀, ẹ ò béèrè nǹkan kan. Ẹ nàka sí mi.

"Ọwọ́ ọmọ yìí ló fà á. Kò ní kan gìtá mi mọ́ títí mo fi máa kú."

Mo kúnlẹ̀ lórí eruku pákó níwájú àwọn èèyàn yẹn, mo bẹ̀ yín. Ẹ gba ayùn lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ wèrè. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ rọ gọ́ọ̀mù sí ojú ibi tó là, ẹ fún un pọ̀, ẹ sì yí ẹ̀yìn sí mi nígbà tí ẹ ń ṣe é kí n má baà rí inú. Ọ̀pọ̀ ìlérí lẹ ti ṣe tí ẹ ò mú ṣẹ, Ọlọ́run mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ mú èyí ṣẹ. Títí tí ẹ fi kú, ọwọ́ mi kò kan gìtá yín mọ́. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi í fún ẹkùn pa jẹ. Ọmọ tiyín ò tilẹ̀ burú rárá, ẹ sì fà á fún ẹkùn.

Alàgbà wá sọ ọ́ di àwàdà. Níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìdúpẹ́, ibi gbogbo. Wọ́n á ní àwọn yà ní ṣọ́ọ̀bù yín lọ́sẹ̀ tí mo wà ní Ọ̀fà, àwọn bá gìtá ní ẹ̀yìn ṣíṣí, àwọn rí bí ọ̀já ṣe jókòó, àwọn sì sọ fún yín pé ọmọ yìí ti ju bàbá rẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n á ní, gìtá yanu. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà á rẹ́rìn-ín. Mo ti gbọ́ ìtàn náà tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fetí sí i mọ́, àṣé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mo gbà yín gbọ́. Ọdún méjì ni mi ò fọwọ́ kan igi. Mo bá ọ̀rẹ́ mi kan ta aṣọ ní àdúgbò Challenge, bí mo bá sì fẹ́ gé aṣọ fún oníbàárà, mo máa wo ọwọ́ mi kí n tó wo aṣọ. Nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀, gìtá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, torí àlejò ni wọ́n, wọn ò mọ ìtàn mi. Kò sí ìjọ kan ní gbogbo ìlú yìí tó gbé gìtá wá bá mi rí, àfi ẹni tí kò mọ̀ pé èmi ni.

Nítorí náà mo gbé gìtá náà kalẹ̀ lórí tábìlì mi, mo yan ọ̀bẹ lórí iná kó gbóná, mo sì ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ojú ni mo kọ́kọ́ wò. Arère méjì, wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n di ojú gìtá mú gírígírí, ẹ̀kán mẹ́ta lábẹ́ eyín tó kẹ́yìn. Ọdún mọ́kànlá, ọyẹ́ mọ́kànlá, eyín kan kò mì. Mo wá wo apá ẹ̀yìn, níbi tó là. Ọ̀gánwó ni. Mo ṣẹ́jú, mo tún gbé iná sún mọ́ ọn. Ọ̀gánwó ni lápá ọ̀tún, ọ̀gánwó ni lápá òsì, àlàfo àárín àwọn eyín ti fẹ̀ bí ẹnu ọmọ tó ń pààrọ̀ eyín, gbogbo rẹ̀ ti súnkì kúrò lára pákó. Igi tútù ni. Igi tí kò tíì rí ọyẹ́ kankan, tí ẹnì kan sáré gé nígbà òjò. Mo wo abẹ́ eyín tó kẹ́yìn. Òbíríkítí, àgbélébùú nínú.

Ẹ yọ tèmi, ẹ fi tiyín sí i. Tiyín là. Ẹ sì nàka sí mi.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ta ni òtítọ́ wá bá níhìn-ín? Ẹ ti lọ. Bóyá ẹ tilẹ̀ ti ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo fa ọ̀já ọ̀gánwó kan yọ, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá Màmá ní ṣọ́ọ̀bù yín. Wọ́n ṣì ń lọ jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á sì fi aṣọ nu tábìlì tí ẹnikẹ́ni kò lò. Mo gbé ọ̀já ọ̀gánwó náà lé wọn lẹ́sẹ̀. Wọn ò béèrè ohun tó jẹ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè.

"Bàbá ẹ ní àwọn fúnra àwọn ló máa sọ fún ẹ. Gbogbo Kérésì ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀."

Gbogbo Kérésì. Èmi tí mo máa ń gbé wàrà díndín wá fún yín lọ́jọ́ Kérésì torí mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀, tí ẹ máa ń fi ẹyọ kan sílẹ̀ nínú abọ́ fún mi bíi pé ọmọ ọdún méje ni mí. Ẹ jẹ wàrà mi, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà mì pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí ẹ dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹ di ọwọ́ ọ̀tún mi mú, ẹ yí i padà, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí. Mo rò pé ẹ ń wò ó bóyá mo ṣì ń bá igi ṣeré ni, mo sì fà á kúrò. Ṣé ọjọ́ náà lẹ fẹ́ sọ ọ́? Ká ní mi ò fà á kúrò, ṣé ẹ máa sọ ọ́? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà yín láti ọjọ́ tí Alàgbà ti ní mo jù yín lọ, ẹ̀rù ọmọ tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́.

Màmá dìde, wọ́n gun àpótí, wọ́n mú nǹkan kan sọ̀ kalẹ̀ lórí àjà, ohun tí ẹ fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ wé. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ara fífúyẹ́ rẹ̀ kí n tó tú u. Ọ̀já arère méjì, wọ́n ṣì tẹ̀ kọrọdọ bí mo ṣe tẹ̀ wọ́n, ẹ̀kán mẹ́ta, ẹ̀kán mẹ́ta.

Mo gbé wọn lọ sí Tanke, mo ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, mo tún lẹ̀ wọ́n síbi tí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀. Mi ò fi rándà tí a fi ń fá igi kàn wọ́n. Wọ́n jókòó bíi pé àná ni mo dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo fi pẹ́gì há wọn, pẹ́gì tí mo fi owó ara mi rà, mo sì lẹ ẹ̀yìn lọ́jọ́ kejì.

Lónìí, wọ́n lo gìtá náà. Ó dùn, mi ò ní purọ́ mọ́ yín. Lẹ́yìn orin, Alàgbà dìde láti sọ̀rọ̀ ìrántí. Wọ́n ti darúgbó, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, ṣùgbọ́n ìtàn náà ò darúgbó. Wọ́n yìn yín, wọ́n ní ẹ ò ṣe iṣẹ́ tó ní àbùkù rí, àfi ẹyọ kan tí kì í ṣe ẹ̀bi yín. Àwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó dé ibi tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Màmá fọwọ́ bà mí nítan, wọn ò wò mí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀ mí. Mo dìde. Mo fa ọ̀já ọ̀gánwó yọ nínú báàgì mi, mo gbé e sókè.

"Ọwọ́ bàbá mi ló gé èyí tó là. Èyí tó wà nínú gìtá yẹn báyìí, èmi ni mo gé e, lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alàgbà nawọ́, mo lọ bá wọn, wọ́n gba ọ̀já náà, wọ́n fi àtàǹpàkò wá abẹ́ eyín tó kẹ́yìn. Wọ́n mọ àmì yín. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọmọ tí wọ́n ti fi rẹ́rìn-ín fún ọdún mọ́kànlá, wọ́n sì lọ jókòó láìparí ọ̀rọ̀ wọn. Olórí àwọn akọrin ò lè gbójú sókè. Nígbà tí ìsìn parí, Màmá kọjá lára mi lọ sẹ́nu ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ mìíràn ni wọ́n wọ̀ lọ sílé.

Mo ti gba orúkọ mi padà. Mo rò pé ara á tù mí. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo fẹ́ rí ojú rẹ̀ nígbà tí mo gbé ọ̀já náà sókè ni kò sí ní ìjókòó, ẹ̀yin ni.

Nǹkan kan ló kù tí mi ò sọ fún Màmá, tí mi ò sì sọ fún ìjọ. Mo ti yọ ọ̀já rí, nínú gìtá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà. Ọ̀já tí kò dára, ṣísẹ́lì la fi ń gbá a jáde, ká kó èérún rẹ̀ dànù, kò tó wákàtí kan. Láti yọ ọ̀já tí a ti lẹ̀ mọ́ra jáde láìjẹ́ kí eyín kan já, èèyàn gbọ́dọ̀ fi iná mú ọ̀bẹ gbóná, kó tì í bọ abẹ́ eyín kọ̀ọ̀kan, kó dúró títí gọ́ọ̀mù á fi rọ̀, kó tó bọ́ sí èyí tó kàn. Odidi ọjọ́ kan ni, bóyá méjì. Mo ka eyín arère méjèèjì. Ẹyọ kan kò já. Ẹ jókòó ti iṣẹ́ mi, ẹ yọ ọ́ bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ, ẹ sì fi kàlẹ́ńdà wé e, ẹ gbé e sórí àjà, níbi tí ẹ máa ń gbé igi tó dára sí. Ẹ mọ̀, Bàbá mi. Láti ọjọ́ kìíní lẹ ti mọ̀ pé ó dára. Ìyẹn gan-an ni mi ò lè gbé mì. Ká ní ẹ rò pé kò dára ni, mo máa ní àṣìṣe ni.

Mi ò wá ẹ̀bẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Kí ẹ kàn ti fẹnu ara yín sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan ni mo fẹ́, pé ó dára.

Èmi ni, ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín, tí kò sì tíì dárí jì yín.